Ẹ Má Gé Rólù: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Àwọn Nẹ́gátíìfù Bàámi

Ohun tó wà nílẹ̀

Inú agolo bísíkíìtì àti páálí bàtà ni nẹ́gátíìfù Bàámi, fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, lórí àjà, níbi tí ooru páànù ti ń sè wọ́n lójoojúmọ́. Tíṣà ni wọ́n, wọn kì í ṣe fọtógíráfà. Wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí fọ́tò. Ohun tó bá ti wù wọ́n ni wọ́n ń yà: ẹranko, ọ̀nà ìrìn àjò, àwọn ọmọ iléèwé, ìyá mi nídìí ọlọ ata. Owó fíìmù àti owó kí wọ́n bá wọn fọ̀ ọ́ ni wọ́n ń rí san. Owó tí wọ́n á fi tẹ gbogbo ẹ̀ sórí pépà kò sí. Ìwọ̀nba tó wọ álíbọ́ọ̀mù ni ẹbí mọ̀, orí ìwọ̀nba yẹn la sì kó gbogbo ìtàn wa lé.

Iṣẹ́ tí mo gbà fún ara mi ni pé kí n kó gbogbo fíìmù náà sórí kọ̀ǹpútà, kí n sì kọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì lè sọ̀rọ̀. Bàámi fúnra wọn ti sùn. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, fún ẹni tí irú agolo bẹ́ẹ̀ bá wà lórí àjà ilé tiẹ̀. Tí ẹni náà ò bá ní àyè láti ka ìyókù, ohun kan ṣoṣo ni kó mú lọ: ẹ má yọ èyí tó dáa sọ́tọ̀, ẹ má sì gé rólù, ìyẹn odindi fíìmù gígùn kan, sí wẹ́wẹ́. Fọ́tò kan péré máa ń parọ́. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e ló ń tú àṣírí ẹ̀.

Imú ṣáájú ojú

Kí n tó fojú wo ohunkóhun, imú ni mo fi ṣà wọ́n. Acetate ni wọ́n fi ṣe ike fíìmù ìgbà yẹn. Tí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a jà pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú ásíìdì tó wà nínú fínígà jáde, ásíìdì yẹn náà á sì tún máa mú kí èyí tó kù yára bàjẹ́. Ike á sún kì, jẹ́látíìnì tí àwòrán wà nínú ẹ̀ ò ní bá a sún kì, ni àwòrán á bá ká jọ. Kò sí oògùn tó ń dá a padà. Èyí tó bá ti ń rùn, mo gbé e kúrò láàárín àwọn tó kù lójú ẹsẹ̀, òun náà ni mo sì kọ́kọ́ yà, nítorí òun ni ò lè dúró.

Àwọn kan ti bu. Lórí àwọn yìí, ẹ má fi omi kàn wọ́n rárá. Ohun tó ń jẹ jẹ́látíìnì yẹn máa ń sọ ọ́ di nǹkan tí omi lè yọ́, ẹ ó kàn rí i tí ojú èèyàn ń bá omi lọ ni. Fèrè rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku ni mo kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Níbi tó bá le, òwú tí mo fi isopropyl, irú spírítì kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lómi nínú, rin díẹ̀. Spírítì ilé oògùn tó jẹ́ ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ò dáa fún un, torí omi ni ìyókù.

Àwọn tó lẹ̀ mọ́ra, mo fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbẹ débi pé díẹ̀ nínú wọn fúnra wọn já kúrò lára ara wọn. Àmọ́ ọyẹ́ náà ló tún ń kó eruku wá, fíìmù tó gbẹ sì fẹ́ràn eruku. Mo máa ń fi omi nu ilẹ̀ yàrá kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ti fáànù pa. Ẹni tó bá mọ ooru ìlú Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan á mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìdúró kámẹ́rà

Sikánà ọ́fíìsì ò wúlò fún fíìmù, nítorí iná gbọ́dọ̀ gba inú fíìmù kọjá ni. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un, owó ẹ̀ ju agbára mi lọ. Kámẹ́rà DSLR tòkunbọ̀ àti lẹ́ǹsì macro tòkunbọ̀, irú èyí tó ń ya ohun kékeré nítòsí, ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Káfíńtà gé plywood tó nípọn fún ìdí, wẹ́dà sì fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe òpó. Bóòtù onídàámẹ́rin íńṣì ló ń wọ ìdí kámẹ́rà. Irú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nọ́ọ̀tì àti bóòtù, ẹ ò ní láti ra ti olówó ńlá.

Iná ni mo lo àkókò lé lórí jù. Iná LED pẹlẹbẹ tí àwọn ayàwòrán fi ń da àwòrán kọ ni, mo sì gbé perspex funfun, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù ń lò, sókè ẹ̀ díẹ̀ kí iná lè tàn kárí láìsí àbàwọ́n. Pawa báǹkì ló ń gbé e. Ìdí méjì ni: iná NEPA a máa ṣẹ́jú lára LED míì, ó sì máa ń hàn bí ìlà ìlà nínú àwòrán, ìkejì, gbogbo wa la mọ NEPA.

Kí kámẹ́rà lè dojú kọ fíìmù ṣánṣán, mo tẹ́ dígí kékeré síbi tí fíìmù máa wà, mo sì wo inú kámẹ́rà. Tí ojú lẹ́ǹsì fúnra ẹ̀ bá hàn ní àárín gbùngbùn, ó ti dúró dáadáa nìyẹn. Tó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ká pépà wẹ́wẹ́ sábẹ́ ìdí òpó. Bí mo ṣe ṣètò kámẹ́rà nìyí: ISO 100, f/8, RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe), ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ọwọ́ mi má baà mì í. Kámẹ́rà onímẹ́gápíksẹ̀lì 24 ń fún mi ní àmì 6000 lórí fọ́tò tó fẹ̀ ní mílímítà 36. Ó tó láti ka nọ́ńbà mọ́tò tó jìnnà.

Ohun kan wà tí mo ṣe tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ni. Wọ́n ní kí ẹ fi páálí dúdú bo etí fíìmù kí iná má baà gba ibẹ̀ wọlé sójú lẹ́ǹsì. Òótọ́ ni. Àmọ́ etí yẹn gan-an ni wọ́n kọ orúkọ fíìmù àti nọ́ńbà fọ́tò sí. Nítorí náà mo kọ́kọ́ máa ń ya gbogbo ìlà náà pẹ̀lú etí ẹ̀ méjèèjì, kí n tó fi páálí dúdú ya fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí darktable, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo ti ń yí wọn padà láti nẹ́gátíìfù sí fọ́tò, apá tí wọ́n ń pè ní negadoctor. Ọ̀fẹ́ ni.

Rólù Dùgbẹ̀

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bàámi gun kẹ̀kẹ́, wọ́n fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ létí títì ní Dùgbẹ̀, Cocoa House wà lẹ́yìn wọn, mọ́tò ń kọjá. Àbúrò Bàámi obìnrin ló ni ìtàn ẹ̀: owó Ùdójì, owó àjẹsílẹ̀ oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975, ni Bàámi fi ra kẹ̀kẹ́ náà. Àǹtí ní ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, mọ́tò inú fọ́tò yẹn sì ń gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nígbà tí mo rí nẹ́gátíìfù ẹ̀, mọ́tò ń gba ọwọ́ òsì.

Fíìmù ní ojú méjì, ojú tó ń dán àti ojú tí kò dán. Tí ojú tó ń dán bá dojú kọ yín, ọ̀rọ̀ etí fíìmù á ṣeé kà geere, àwòrán náà á sì wà bó ṣe yẹ. KODAK VERICHROME PAN ni mo kà létí èyí, ó dúró dáadáa. Ẹni tó tẹ fọ́tò ara ògiri ló fi fíìmù sódì. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri, mo wo kẹ̀kẹ́ yẹn dáadáa, ṣéènì ẹ̀ wà lápá òsì. Ẹ lọ wo kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí ládùúgbò yín, apá ọ̀tún ni ṣéènì ń wà. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń dàgbà ni ṣéènì yẹn ti wà níwájú mi, mi ò rí ẹni tó wò ó.

Cocoa House ti parí nínú fọ́tò náà, 1965 ni wọ́n sì parí ẹ̀. Nítorí náà láàárín 1965 sí 1972 ni. Ẹlẹ́gbẹ́ẹ̀ ẹ̀ nínú rólù ló tún sún un súnmọ́: ìyá mi pọn ọmọ tí kò tíì rìn, ẹ̀gbọ́n mi àgbà sì ni, ọmọ 1968. Owó Ùdójì ti wọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Fọ́tò méjìlá ni fíìmù 120, irú fíìmù tó fẹ̀, ń gbà nínú kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò onígun mẹ́rin ọgbọọgba, wọ́n sì ti gé rólù yìí ní mẹ́ta mẹ́ta. Mo fi nọ́ńbà etí tò wọ́n padà, mo sì fi ẹnu ibi tí síṣọ́ọ̀sì gbà kọjá ṣàyẹ̀wò. Èyí tó tẹ̀lé ti Bàámi gan-an: ọkùnrin míì lórí kẹ̀kẹ́ kan náà, níbi kan náà, ó fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Fìlà Bàámi ló dé. Èyí tó tún tẹ̀lé e: ọkùnrin kẹta, kẹ̀kẹ́ yẹn náà, fìlà yẹn náà. Wọ́n to ara wọn sí ìlà, ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n ń gùn ún! Lẹ́yìn ẹnìkẹta ni ọmọdékùnrin kan dúró sí, ó na ọwọ́, ojú ẹ̀ le. Mo gbà pé ọmọ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ni, wọ́n sì rán an wá gbà á.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. “Ẹ̀yin ọmọ yìí,” ni wọ́n wí, “ẹ ò ní jẹ́ kí òkú sinmi.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ rí láti ọjọ́ yìí: kẹ̀kẹ́ Ùdójì wà lóòótọ́, Bàámi rà á, wọ́n sì jí i gbé kí wọ́n tó yà á ní fọ́tò. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.

Rólù Yankari

Èyí, tí Bàámi yà ní ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi, yàtọ̀: fíìmù kékeré, 35 mílímítà, láti inú kámẹ́rà Olympus Trip 35 tó ṣì wà lọ́wọ́ mi. ILFORD HP5 ló wà létí ẹ̀, ọdún 1976 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta HP5. Bọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọ iléèwé dúró sí níwájú kọ Bauchi State, ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976 kan náà. Game Reserve ni wọ́n pè é níbẹ̀, kì í ṣe National Park, torí 1991 ló di ìyẹn. Àyè tó ṣẹ́ kù ṣì fẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá Bàámi lọ ṣì wà láyé. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ wọn ni, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé báyìí.

Ẹyọ kan péré nínú rólù náà ló wọ álíbọ́ọ̀mù. Ọ̀bọ ńlá olójú gígùn kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní baboon, jókòó bí olóyè, ó ń wo kámẹ́rà. Bàámi kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ pé “Ọ̀rẹ́ mi ní Yankari.” Látorí ìlà kan yìí ni ẹbí ti hun odindi ìtàn: ẹranko kì í sá fún Bàámi, wọ́n fọwọ́ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbà á, ó jókòó tì wọ́n.

Nínú rólù, ohun tó ṣáájú olóyè yìí ni àpótí oúnjẹ tó ṣí sílẹ̀ lórí kòríko, ọ̀bọ méjì wà lórí ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e kò hàn dáadáa, ẹni tó yà á ń sá ni: apá kan, ìdérí àpótí lófuurufú, ìrù. Lẹ́yìn náà ni olóyè. Lẹ́yìn olóyè, tíṣà kejì di àpótí mú, ó dojú ẹ̀ kọ kámẹ́rà kí gbogbo ayé lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Mo pè wọ́n. “Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà. Ọmọ Tíṣà ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ Yankari kan ni mo ní kí n bi yín.”

“Ọ̀rẹ́ bàbá ẹ?” ni wọ́n dáhùn, kí n tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Búrẹ́dì wa ló jẹ tán! Búrẹ́dì ọjọ́ méjì!”

Ẹni tó bá ti dé àgọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun Wikki mọ̀ pé olè àpótí oúnjẹ ni àwọn ẹranko yìí. Wọ́n ti mọ àlejò, wọ́n ti mọ báàgì. Láti 1962 ni wọ́n ti ṣí ibẹ̀ fún àlejò, ó dájú pé ìran ọ̀bọ kan ń kọ́ èkejì ni.

Ọ̀rọ̀ erin wá kù. Bàámi máa ń ní àwọn rí erin ní Yankari, a sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, ẹ rí erin, ọ̀bọ lẹ yà? Mo wá inú rólù náà látòkè délẹ̀, erin ò sí. Àwọn tó ń wẹ̀ nínú omi Wikki wà, omi tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n 31 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì tọ̀sán-tòru. Àmọ́ Bàbá Abẹ́òkúta ní òótọ́ ni, àwọn erin sọ̀ kalẹ̀ wá sí odò Gaji, ilẹ̀ ti ń ṣú, Bàámi gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò dún. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. “Ó ní ahọ́n pupa kan ló ń yọ sí òun.”

Ibí yìí ni kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ti wúlò. Trip 35 kì í lo bátìrì. Òrùka selenium tó yí lẹ́ǹsì ká ló ń wọn ìmọ́lẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ò bá sì tó, páálí pupa kékeré á yọ sókè nínú fèrèsé tí èèyàn ń wò, kámẹ́rà á sì kọ̀ jálẹ̀. Èèyàn lè yí òrùka kúrò ní A, ibi tí kámẹ́rà ti ń dá ìmọ́lẹ̀ wọn, kó lè yà tipátipá, ṣùgbọ́n àwòrán ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo nu ti Bàámi, mo fi òróró díẹ̀ tú òrùka ìwọ̀n jíjìnnà tó ti gan, mo gbé e jáde ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ahọ́n pupa yọ.

Nínú àkọsílẹ̀ mi, láàárín nọ́ńbà 22 àti 23, mo fi ìlà òfìfo kan sílẹ̀, mo kọ “erin, odò Gaji, ilẹ̀ ti ṣú” síbẹ̀. Ojú lásán ni wọ́n fi rí i, àmọ́ ó wà nínú rólù.

Ìparí rólù

Ẹni tó bá ti lo fíìmù rí mọ̀ ọ́n. Ìrìn àjò ti parí, fíìmù ṣì ku díẹ̀, èèyàn ò sì fẹ́ gbé e lọ fọ̀ láì tíì lò ó tán. Lèèyàn bá jáde sẹ́yìnkùlé, á ya ohunkóhun. Bàámi ò tẹ èyíkéyìí nínú irú rẹ̀ sórí pépà rí. Àwọn ni mo fẹ́ràn jù báyìí. Ìyá mi ń sá aṣọ, wọn ò mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn. Rédíò aládùúgbò lójú fèrèsé. Adìẹ tó dà búrùbúrù. Ẹsẹ̀ Bàámi fúnra wọn nínú sálúbàtà.

Ìparí rólù kan dá mi dúró pẹ́. Òrùlé ìsọ̀ ẹlẹ́ran tó wà lẹ́yìn ilé wa ni, igún tò lórí páànù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bàámi ò yà á nítorí igún. Fíìmù ni wọ́n fẹ́ kó tán. Nígbà yẹn, igún ni gbogbo wa mọ̀ mọ́ ìsọ̀ ẹran, ta ni yóò ya igún? Irú èyí tó kéré, tí orí ẹ̀ pá, ni. Láti 2015 ni àjọ IUCN, tó ń rí sí ààbò àwọn ẹ̀dá, ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà létí ìparun pátápátá. Májèlé wà nínú ohun tó ń pa á, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀ fún oògùn náà sì wà níbẹ̀. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹ lọ wo àtẹ àwọn elégbòogi.

Mo padà sórí gbogbo ìparí rólù tó kù, igún ni mo ń wá. Ó wà lórí òpó iná ní 1968. Ó wà lórí igi lẹ́yìn ìyá mi tó ń sá aṣọ. Nínú èyí tí mo lè fi aṣọ àti mọ́tò gbé lé ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, kò sí mọ́. Kì í ṣe ìwádìí, Bàámi ò jókòó ka igún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òrùlé Ìbàdàn ṣe rí nígbà yẹn, inú fọ́tò tí kò sẹ́ni tó kà sí ni yóò ti rí i.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Àwọn dúdú-funfun ti wà lórí kọ̀ǹpútà tán, àfi àwọn tó ti ká jọ. Orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà rólù, lẹ́yìn náà nọ́ńbà etí fíìmù, kí wọ́n lè máa tò bí Bàámi ṣe yà wọ́n. Fáìlì ọ̀rọ̀ kan wà fún rólù kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ẹni tó sọ nǹkan sí i àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Níbi tí ẹnì méjì bá ti ta ko ara wọn, mo jẹ́ kí wọ́n máa jà níbẹ̀.

Fíìmù gan-an ti kúrò lórí àjà. Àpòòwé pépà ni wọ́n wà, nínú ike tó dé dáadáa pẹ̀lú silica gel tó ń fa ọ̀rinrin, nísàlẹ̀ wọ́dúróòbù tí oòrùn kì í dé. Àwọn tó ń rùn ní ike tiwọn, mo sì ń ṣí i lóòrèkóòrè kí atẹ́gùn lè kó ásíìdì jáde.

Àwọn aláwọ̀ ló kù. Wọ́n ti ṣá, wọn ò sì ṣá déédéé, kálukú àwọ̀ ló ń lọ bó ṣe wù ú, nítorí náà ojú èèyàn á máa pọ́n, ewé á máa dúdú. Yíyí wọn padà pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn tó wà lára fíìmù yẹn máa ń gba sùúrù, mi ò sì tíì rí ọ̀nà kan tó bá gbogbo rólù mu. Kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n, mo máa tẹ rólù Yankari sórí pépà kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ létòlétò, mo máa gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Ojú Bàbá ò rí inú fóònù dáadáa mọ́, àwọn ọmọ iléèwé mẹ́sàn-án sì wà níwájú bọ́ọ̀dù yẹn tí mi ò tíì ní orúkọ ẹnì kan nínú wọn.